Ìyá Ìbejì àti Àpótí Fọ́tò Rẹ̀

Ìyá Àgbà kì í fi ọwọ́ tútù kan fọ́tò. Bó bá fẹ́ ṣí àpótí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì, yóò nù wọ́n, yóò wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, yóò na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń yáná, títí omi tó kù láàárín ìka rẹ̀ yóò fi gbẹ tán. Bí o bá bá a sọ̀rọ̀ lásìkò náà, kò ní dá ọ lóhùn. Lẹ́yìn náà ni yóò wá fi ìka méjì di etí fọ́tò mú, tí kò ní jẹ́ kí ìka rẹ̀ kan ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mo bi í nígbà kan pé ta ló kọ́ ọ. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, "Ṣé o máa ń ki ìka bọ àwọn èèyàn lójú ni?"

Òun ló bí ìyá mi. Nínú òjò tó kọjá yìí ló sùn ní ilé mi ní Mpape ní Àbújá, tí kò sì jí mọ́. A gbé e lọ sílé ní Ẹ̀kìtì, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀. Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ń sọ pé ó dàgbà, ó gbó, kí a má sunkún. Wọn kò purọ́. Èmi fúnra mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, irun mi ti funfun, síbẹ̀ mo ṣì ní ìyá àgbà. Ta ni kò ní sọ pé Ọlọ́run ṣe é? Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí èèyàn ṣe dàgbà tó kò ní kí àyè rẹ̀ má ṣófo. Yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná ṣì ń rùn káfúrà. Láràárọ̀ ni ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń yà síbẹ̀ kí n tó rántí.

N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tó ṣègbéyàwó kò ní rí i níbí, nítorí òun náà kò mọ̀ ọ́n. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n dàgbà sí Àbújá, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá ju bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ lọ, má baà rò pé fọ́tò ìkéde òkú tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ni ó jẹ́.

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kìtì ni wá, èdè ilé wa kì í sọ ẹnì kan di ọ̀pọ̀, bó ti wù kó dàgbà tó. Àwa tí a lọ sí iléèwé ni a kọ́ láti máa sọ "ẹ" sí i, ó sì fara dà á fún wa. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Àbújá, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí i. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ṣé ara yín le?" Ìyá Àgbà bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó ní, "Èmi nìkan ni mo jókòó síbí. Ta lẹ tún ń kí mọ́ mi?"

Àpótí náà, àpótí páànù aláwọ̀ ewé ni, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù tipẹ́tipẹ́. Orí itan rẹ̀ ló gbé e lé láti Ẹ̀kìtì títí dé Mpape. Awakọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun gbé e sí bọ́ọ̀tù, ó kọ̀. Nígbà tí ọ̀nà burú, tí ọkọ̀ ń jù wá sókè sódò, awakọ̀ wo dígí iwájú rẹ̀, ó rí i bó ṣe gbá àpótí mọ́ra. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé góòlù ló wà níbẹ̀ ni?" Ó ní, "Àwọn èèyàn mi ni. Rọra máa sáré."

Ẹni tó bá mọ Mpape mọ eruku rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fọ́ àpáta lókè, fèrèsé á gbọ̀n, kò sì ní pẹ́ tí nǹkan funfun bí àtíkè yóò fi bo orí tábìlì, tí yóò bo tẹlifíṣọ̀n, tí yóò bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ tó dé, mo rí eruku lórí fọ́tò kan tó gbé kalẹ̀, mo sì mú aṣọ láti nù ún. Ó gbá mi lọ́wọ́. Ó ní òkúta ni, kí n fọwọ́ kàn án kí n rí i bó ṣe le. Bí a bá fi aṣọ nù ún, yóò ha ojú fọ́tò. Ó gbé e sókè, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti apá kan sí èkejì. "Fẹ́ ẹ," ó ní. "Má nù ún. Wọn ò dọ̀tí. Eruku yín ló bà lé wọn."

Kì í ṣí àpótí nínú òjò. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó parí nìyẹn, kódà bí o bá sunkún. Ìgbà ọyẹ́, tí ètè ń sán, tí aṣọ ń gbẹ lórí okùn kí o tó yíjú padà, ni yóò gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn kò dé, yóò to wọn sórí aṣọ funfun kí atẹ́gùn gbígbẹ lè fẹ́ sí wọn. Ọjọ́ ńlá ni fún un. Gbogbo ẹni tó bá kọjá gbọ́dọ̀ wá wò wọ́n. Mállàm tó ń ti ọmọlanke omi ládùúgbò wa dúró lọ́jọ́ kan.

"Sànnu, Mama."

"Yauwa!" Òun nìkan ni Hausa tó gbọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó na fọ́tò ọkọ rẹ̀ sí i. Akódà, ọlọ́pàá ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, ni bàbá àgbà mi nígbà ayé rẹ̀, ó wọ fìlà àti aṣọ iṣẹ́, ó nàró ṣánṣán. Mállàm bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Kai! Soja!" Ó gbé kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kí fọ́tò náà bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá rẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sọ fún un pé akódà ni, kì í ṣe sójà. Ṣùgbọ́n kó má tíì sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀. Ó yẹ ọkọ mi."

Ẹ má rò pé gbogbo ohun tó ń ṣe ló tọ̀nà. Olùkọ́ ni mí, n kò lè jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ àṣìṣe rẹ̀ mọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Káfúrà tó máa ń dà sínú àpótí láti lé aáyán, kò dára fún fọ́tò. Òórùn rẹ̀ máa ń ba ojú fọ́tò jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tó fi ń wé wọn burú jù ú lọ, nítorí ìwé náà ń pọ́n, ó sì ń ran ohun tó bá fara kàn án. A jà lórí káfúrà yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Màá yọ ọ́, yóò dá a padà. Màá ṣàlàyé, yóò máa mi orí. Lẹ́yìn tó mi orí tán, ó ní, "Ó dáa, Àṣàbí. Ìwọ lọ ṣàlàyé fún aáyán."

Èmi náà sì gba ẹ̀kọ́ tèmi. Mo ra àlíbọ́ọ̀mù ńlá kan wá fún un láti ọjà Wuse, irú èyí tí ojú ìwé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù, tí a ó tẹ fọ́tò mọ́, tí a ó sì fi ọ̀rá bò ó. Irú rẹ̀ ni mo to fọ́tò ìgbéyàwó mi sí. Ó tẹ ìka mọ́ gọ́ọ̀mù náà, ó gbìyànjú láti fà á kúrò, ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó ní kí n lọ mú tèmi wá. A gbìyànjú láti yọ fọ́tò kan níbẹ̀, ibi tí mo ti ń gé àkàrà òyìnbó, kò yọ. Ìdajì ọwọ́ mi dúró sára ìwé. Ó ti àlíbọ́ọ̀mù tuntun náà padà sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ilé yìí ò ní ilẹ̀kùn," ó ní. "Báwo ni wọ́n ṣe máa jáde?"

Fẹ́mi ni àkọ́bí mi, ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì kan. Ó fẹ́ràn Ìyá Àgbà púpọ̀, ìfẹ́ náà gan-an ló sì dá ìjà sílẹ̀. Nígbà ọdún Kérésì kan, ó yọ fọ́tò bàbá àgbà, èyí tí Mállàm kí, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe láminéètì. Gbogbo wa la máa ń ṣe é, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, fọ́tò òkú, ohun tí a bá ti fẹ́ràn la máa ń gbé lọ sínú iná tó ń yọ́ ọ̀rá. Fẹ́mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Màmá Àgbà, ẹ wò ó! Omi ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Títí ayé nìyí."

Ó gbà á, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. "Kí ló wú sí i lójú?"

"Ooru ẹ̀rọ ni. Díẹ̀ ni."

"Yọ ọ́ nínú ọ̀rá."

"Kò ṣeé yọ mọ́, Màmá Àgbà."

Kò pariwo. Ó gbé fọ́tò náà sílẹ̀, kò sì dáhùn ìkíni Fẹ́mi títí ọdún tuntun fi wọlé. Ọmọ náà á dọ̀bálẹ̀, òun á máa wo ògiri. Ẹ̀yìn èyí ni Fẹ́mi rántí pé òun ti fi fóònù ya ojú fọ́tò náà kí òun tó gbé e lọ. Ó mú fóònù wá, ó kúnlẹ̀, ó fi hàn án: bàbá àgbà, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, kò wú. Ìyá Àgbà wò ó títí iná fóònù fi kú fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ló wá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Lọ́jọ́ mìíràn," ó ní, "kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ná, kó o tó wá gbọ́n." Láti ọjọ́ náà ni Fẹ́mi ti ń ya ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú àpótí sínú kọ̀ǹpútà, ní ọyẹ́ sí ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n fọ́tò kan wà tí kò rí yà, nítorí ó ti kúrò nínú àpótí kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni fọ́tò tó ṣe pàtàkì jù fún Ìyá Àgbà, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan láyé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń yí po láti òkè wá.

Ìbejì ni oyún rẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin méjèèjì: Táyéwò, tó di ìyá mi, àti Kẹ́hìndé. Ibà pa Kẹ́hìndé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Wọn kò tíì ya fọ́tò rí. Àwọn àgbà mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe nígbà náà, àwọn ọmọ ni mo ń ṣàlàyé fún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya fọ́tò pọ̀, òbí yóò mú èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Onífọ́tò yóò yà á lẹ́ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀, yóò tún yà á lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bí èkejì rẹ̀, yóò wá tẹ méjèèjì sórí bébà kan ṣoṣo, kí wọ́n lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé ọmọ méjì ni. Ẹni tó mọ̀ náà yóò sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà kò fi í pamọ́ fún wa pé Táyé nìkan ló dúró níwájú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, bó bá gbé fọ́tò ọ̀hún jáde, yóò fi ìka tọ́ka lókèèrè: "Táyé rèé. Kẹ́hìndé rèé." Kò ṣì í rí. Nígbà tí obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ pè é ní Màmá Táyé, nítorí ìyá mi nìkan ló mọ̀, Ìyá Àgbà dá a dúró. "Ìyá Ìbejì ni mí," ó ní. "Wọn ò gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ mi nígbà tí wọ́n sin Kẹ́hìndé."

Nígbà kan, àìsàn mú ìyá mi ní Adó níbi tó ń gbé. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún, ọwọ́ òsì ń kú tipiri, kò rí oorun sùn. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ó wá lọ sọ́dọ̀ ìyá aládùúrà kan. Ìyá aládùúrà bi í bóyá ìbejì ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá nǹkan kan wà tó so ó pọ̀ mọ́ òkú èkejì rẹ̀. Ìyá mi ronú, ó sọ̀rọ̀ fọ́tò. Ìyá aládùúrà ní kó lọ sun ún. Ó wọ ọkọ̀ wá sí Mpape nínú òjò.

Ọ̀sán ni. Èmi ni mo wà pẹ̀lú wọn ní pálọ̀. Ìyá mi kò tíì mu omi tó ti ní, "Ìyá mi, ẹ gbé fọ́tò ìbejì yẹn fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo ti sọ fún yín lórí fóònù."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú."

"Mo fẹ́ sun ún."

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn. "Ìyá aládùúrà ẹ yìí, ṣé ó bá mi rọbí ni?"

"Ìyá mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Òkú ló wà níbẹ̀. Ẹ gbé òkú sínú àpótí!"

"Òkú wo? Ìwọ lo wà lápá ọ̀tún, ìwọ lo wà lápá òsì. Ṣé ìwọ lo kú ni?"

"Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn!" Ohùn ìyá mi yí padà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ fi mí ṣe é. Láti kékeré lẹ ti ń fi mí ṣe é. Bí ẹ bá ra bàtà fún mi, ẹ ó ní ti Kẹ́hìndé ńkọ́. Bí ẹ bá wò mí, ẹni tí kò sí lẹ ń wò. Mo ti dàgbà, mo ti di ìyá àgbà èèyàn, ẹ ṣì ń wo ẹ̀gbẹ́ mi."

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò bínú. Ó dìde. Ó lọ fọ ọwọ́, ó jókòó, ó nà wọ́n síwájú kí wọ́n gbẹ. Òjò ń rọ̀, ó sì ṣí àpótí. Ó mú fọ́tò náà jáde, kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́.

"Gbà," ó ní. "Ojú ẹ ni, ìwọ lo ni ín. Mi ò ní bi ọ́ láéláé ohun tó o fi ṣe."

Bí ẹ bá bi mí ohun tí Ìyá Àgbà ṣe láyé, èyí ni. Ó di ohun kan mú láti ìgbà èwe rẹ̀, ó gbé e la òjò àti aáyán já, ó sì nà án sí ẹni tó mú ìṣáná dání, nítorí ó gbọ́ pé ó ń dun ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè. Ìyá mi gbà á, ó padà sí Adó lọ́jọ́ kejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sàn lẹ́yìn tí dókítà mìíràn rí i pé ẹ̀yìn ló ti wá. Èmi kò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fọ́tò, nítorí mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ìyá Àgbà ṣe ìlérí, mo sì kà á sí ìlérí gbogbo ilé.

Ìyá Àgbà mú ìlérí náà ṣẹ. Ìyá mi máa ń pe fóònù mi déédéé. Wọn yóò sọ̀rọ̀ oúnjẹ, wọn yóò sọ̀rọ̀ oorun, Ìyá Àgbà yóò ṣàdúrà fún un, yóò wá dá fóònù padà fún mi. Bí mo bá ti gbé e sétí, ìyá mi yóò rẹ ohùn sílẹ̀: "Wọn ò béèrè nǹkan kan?" Màá ní rárá, wọ́n kàn ní kí n kí yín. Bí mo bá sì ti pa fóònù, Ìyá Àgbà yóò gbójú sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Kò sọ nǹkan mìíràn?" Màá ní rárá, wọ́n ní ẹ kú ìsinmi. Èmi ni mo wà láàárín wọn, tí mò ń dá àwọn méjèèjì lóhùn pé rárá, tí n kò sì mọ ohun tí ẹnì kejì ń béèrè. Ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ìyá mi pè. Ohùn Ìyá Àgbà ti lọ sílẹ̀, àdúrà rẹ̀ kúrú. Lẹ́yìn náà ó bi mí.

"Kò sọ nǹkan mìíràn?"

"Rárá, Ìyá Àgbà."

"Ó dáa," ó ní.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìyá mi wá bá mi ní Mpape kí a lè to àpótí náà. Ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ páànù, nítorí náà a ra páálí líle. A kó káfúrà dànù, a tú ìwé ìròyìn kúrò lára wọn, a fi bébà funfun lásán sáàárín fọ́tò kọ̀ọ̀kan. A kò lo sẹ́lótéèpù, a kò fi rọ́bà dì wọ́n, a kò fi píìnì gún wọn. Mo fi pẹ́ńsùlù rírọ̀ kọ orúkọ sẹ́yìn wọn, láìtẹ̀ ẹ́, kí ó má baà yọ síwájú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi ni mo fẹ́ gbé e sí, ibi tó ṣókùnkùn, tó gbẹ, tí kò kan ilẹ̀, tó sì jìnnà sí ooru àjà àti ti ilé ìdáná. Ìyá mi ń pe orúkọ, èmi ń kọ ọ́. Òun nìkan ló kù tó mọ púpọ̀ nínú wọn.

Nígbà tí a parí, mo gbé ìdérí. Ó ní kí n dúró. Ó lọ síbi báàgì rẹ̀, ó mú àpò bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan jáde, èyí tí ilé ìwòsàn ń fi fọ́tò egungun sí. Mo rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tún bẹ̀rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fa fọ́tò ìbejì yọ. Kò ṣẹ́, kò pọ́n, kò ní àbààwọ́n kankan.

Mo jókòó. "Ẹ ò sun ún?"

"Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo ti ṣáná. Mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n mọ ohun tí mò ń sun." Ó tọ́ka sí ọmọ tó wà lápá òsì. "Wo orí ẹ̀."

Mo wò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rí fọ́tò yẹn, n kò kíyè sí i rí. Ọmọ apá ọ̀tún na ọrùn gbọnrangandan. Ti apá òsì dorí sí èjìká, ó sì fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú.

"Èmi ò kí ń ṣe báyẹn," ìyá mi ní. "Mi ò ṣe é rí láyé mi. Kẹ́hìndé ló máa ń ṣe é bí àlejò bá ń wò ó. Onífọ́tò ní, 'Ó yá, bọ́ síbí, ìwọ ni Kẹ́hìndé báyìí.' Ọmọdé ni mí, Àṣàbí. Wọ́n ní kí n ṣe Kẹ́hìndé, mo sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe. Mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá kó tó di ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló kù sí láyé. Ìṣáná jó mi lọ́wọ́, mo jù ú nù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Mò ń dúró kí wọ́n bi mí. Mo ní bí wọ́n bá ti lè bi mí, màá mọ̀ pé wọ́n ti dárí jì mí."

Mo rò ó bóyá kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi láti fi pamọ́. Mo ní, "Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè, tí mo bá ti pa fóònù, wọ́n máa ń bi mí bóyá ẹ sọ nǹkan mìíràn."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà. Títí dé èyí tó kẹ́yìn."

Ó sunkún débi pé mo gba fọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ kí omijé má baà kán sí i. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó gbà á padà, ó tẹ́ bébà funfun sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ òmíràn lé e lórí, ó sì gbé e sórí gbogbo ìyókù. Mo tún mú ìdérí. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó tẹ̀ sí páálí náà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà ní yàrá kejì sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi," ó ní, "mi ò sun ún o."